Ilé àyágbé àkọ́kọ́ ní Bassila àti Manigri: Ìwé ilẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú ẹ̀yáwó

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, BCEAO, báńkì àpapọ̀ tó ń bójú tó owó CFA ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, dín èlé tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn báńkì kù láti ìdá 3.50 sí ìdá 3.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú ìròyìn báyìí máa ń mú kí ẹni tó ti ń gbèrò àtiyáwó kọ́lé rò pé àsìkò ti tó.

A gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti ojú ẹni tó wà ní Bassila tàbí ní Manigri, tó ní owó díẹ̀ nípamọ́, tó sì fẹ́ kọ́ ilé àkọ́kọ́ tí yóò máa fi yá àwọn èèyàn. Ohun tí a rí ni pé ìdínkù náà kò fi bẹ́ẹ̀ kan onítọ̀hún. Nǹkan mẹ́ta ni yóò pinnu bóyá ilé rẹ̀ yóò di dúkìá tàbí yóò di gbèsè: ìwé tó ní lórí ilẹ̀ náà, iye ọdún tí wọ́n fún un láti dá owó padà, àti ibi tí iṣẹ́ ìkọ́lé dé kó tó lọ yáwó.

Ta ló ń yá ilé níbẹ̀?

Ìjọba ìbílẹ̀ Bassila wà ní ẹkùn Donga, ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Arrondissement mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀: Bassila fúnra rẹ̀, Manigri, Alédjo àti Pénéssoulou. Ètò ìkànìyàn ọdún 2013 fi hàn pé èèyàn tó lé ní 130,000 ló ń gbé níbẹ̀. Àwọn Anii ló pọ̀ ní ìlú Bassila. Àwọn Nàgó ló ni Manigri, èdè kan náà ni àwọn àti àwọn ará Kambolé tó wà ní ìhà kejì ààlà, ní Togo, sì ń sọ. Ọ̀nà ọlọ́dà tó ti Savalou àti Bantè lọ sí Djougou ló gba ìlú méjèèjì kọjá.

Ẹni tó ń yá ilé ní irú ìlú báyìí kì í sábà jẹ́ ọmọ ìlú, nítorí pé ọmọ ìlú ní ilé bàbá rẹ̀. Olùkọ́ tí ìjọba rán wá ni, tàbí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó wà ní Bassila, tàbí ọlọ́pàá, tàbí òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ kékeré, tàbí oníṣòwò kajú tó wá lo oṣù díẹ̀ lásìkò ìkórè. Ìwọ̀nyí máa ń sanwó, nítorí pé owó oṣù tàbí owó ọjà ń wọlé fún wọn. Àmọ́ wọ́n lè gbé olùkọ́ lọ síbòmíràn tí ọdún ilé-ìwé bá parí, oníṣòwò kajú náà yóò sì di ẹrù rẹ̀ tí ọjà bá tán. Ẹni tó bá ń ṣírò owó ilé oṣù méjìlá láìyọ oṣù kan tàbí méjì tí yàrá lè ṣófo, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí àwọn òǹkàwé wa tó wà ní Nàìjíríà kíyè sí. Ní Èkó, òfin ilé yíyá ti ọdún 2011 fún onílé láyè láti gba owó ọdún kan ṣáájú lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ọ̀pọ̀ onílé ló ń fi owó ọdún kan yẹn parí òrùlé tàbí kí wọ́n fi san gbèsè sìmẹ́ntì. Ní Benin, òfin 2018-12, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 2018, kò fún onílé láyè láti gbà ju owó oṣù mẹ́ta lọ ṣáájú. Òfin tó dára fún ayálégbé ni. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́lé ni pé kò lè gbẹ́kẹ̀ lé owó ayálégbé láti parí ilé. Ilé gbọ́dọ̀ parí kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, díẹ̀ díẹ̀ ni yóò sì máa wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Iye owó tí a fẹ́ lò níhìn-ín jẹ́ àpẹẹrẹ, kí oníkálukú lè fi iye tó bá ti tirẹ̀ mu rọ́pò rẹ̀. Ká sọ pé ẹnì kan fẹ́ kọ́ yàrá-àti-pálọ̀ mẹ́rin, tó sì rò pé òun yóò máa gba 15,000 franc lóṣù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá ní èèyàn nínú, 60,000 ni yóò máa wọlé. Bí ọ̀kan bá ṣófo, ó di 45,000.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014, òfin àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA ti fi òpin sí èlé tí ayánilówó lè gbà. Báńkì kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún. Ilé ìfowópamọ́ kékeré, irú àwọn CLCAM tó wà káàkiri Benin, kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá 24 lọ. Ká wá sọ pé ẹni wa yìí yá mílíọ̀nù mẹ́ta franc, tó sì ń san iye kan náà lóṣooṣù:

– Ní èlé ìdá 24, fún ọdún mẹ́ta, yóò máa san nǹkan bíi 117,700 lóṣù.

– Ní èlé ìdá 15, fún ọdún mẹ́ta, yóò máa san nǹkan bíi 104,000.

– Ní èlé ìdá 15 kan náà, ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́wàá, yóò máa san nǹkan bíi 48,400.

Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Nígbà tí èlé wá sílẹ̀ láti 24 sí 15, ohun tó dín kù lóṣù kò tó 14,000. Nígbà tí ọdún di mẹ́wàá dípò mẹ́ta, ohun tó dín kù lé ní 55,000. Ẹni tó bá dé iwájú ayánilówó tó ń béèrè iye èlé nìkan, ìdajì ìbéèrè ló béèrè. Ìdajì yòókù ni: ọdún mélòó ni ẹ máa fún mi?

Kì í ṣe pé ọdún mẹ́wàá wá lọ́fẹ̀ẹ́ o. Èlé tí yóò ti san tí ọdún mẹ́wàá bá pé yóò súnmọ́ 2,800,000, nígbà tí ti ọdún mẹ́ta ní ìdá 24 jẹ́ nǹkan bíi 1,240,000. Ṣùgbọ́n ilé mẹ́rin tó ń mú 60,000 wọlé kò lè gbé 104,000, áńbọ̀sì 117,700. Bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ 48,400 ló fẹ́ máa san, bí yàrá kan bá ṣófo, 45,000 tó wọlé kò tó o. Ibẹ̀ ni gbèsè ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó oúnjẹ ilé.

Ìdínkù tí BCEAO wá ṣe ńkọ́? Bí báńkì bá tiẹ̀ gbé gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó yáwó, ìdá 0.25 lórí mílíọ̀nù mẹ́ta jẹ́ 7,500 franc lọ́dún, ìyẹn 625 lóṣù. Kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ sáré.

Kí ló dé tí ẹ̀yáwó ọlọ́dún gígùn kì í dé ọ̀dọ̀ wọn?

Owó ọlọ́dún gígùn wà. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti dá CRRH-UEMOA sílẹ̀ ní Lomé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa wá owó ọlọ́jọ́ pípẹ́ fún àwọn báńkì kí wọ́n lè fi yá àwọn tó ń ra ilé tàbí tó ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n kí báńkì tó fi owó sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ó fẹ́ ohun ìdúró tí kò lè sá lọ, ilé àti ilẹ̀ sì ni ohun ìdúró bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀. Benin wà nínú àjọ OHADA, tó ní òfin okòwò kan náà fún àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀. Òfin OHADA lórí ohun ìdúró, èyí tí wọ́n tún ṣe ní Lomé ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2010, sọ pé ilẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé ìjọba nìkan ni a lè fi ṣe ìdúró irú èyí tí wọ́n ń pè ní hypothèque. Ní Benin, ìwé tó fi èyí hàn ni titre foncier. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ANDF, ló ń bójú tó o, lábẹ́ òfin ilẹ̀ 2013-01 ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2017.

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní ìgbèríko kò ní titre foncier. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín ni ìwé tí olóyè àti ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí, tàbí ìwé títà, tàbí ìwé ẹ̀rí pé ilẹ̀ àjogúnbá ni. Ìwé wọ̀nyí wúlò, wọ́n sì lè jẹ́ ẹ̀rí níwájú adájọ́. Àmọ́ wọn kì í ṣe ohun tí báńkì lè gbé hypothèque lé lórí. Nítorí náà, ayánilówó á yíjú sí nǹkan mìíràn: owó oṣù ẹni tó fẹ́ yáwó, tàbí oníduùró.

Owó oṣù ní ìwọ̀n tirẹ̀. Báńkì kì í sábà fẹ́ kí owó tí èèyàn ń dá padà kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù rẹ̀. Ẹni tí yóò san 117,700 lóṣù gbọ́dọ̀ máa gba ohun tó lé ní 350,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní Benin láti ọdún 2023 jẹ́ 52,000.

Oníduùró ni ewu tó tóbi jù. Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Djougou tàbí ní Parakou á fọwọ́ sí i nítorí àbúrò. Bí yàrá méjì bá ṣófo fún oṣù mẹ́rin, owó oṣù ẹ̀gbọ́n ni wọn yóò máa yọ. Ilé tí kò tíì mú èrè kankan wá á ti da àárín ọmọ ìyá rú. Láti ọdún 2016 sì ni àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA ti ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àkójọ ìtàn gbèsè àwọn èèyàn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá kùnà níbì kan, ibòmíràn lè rí i.

Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ilẹ̀ ẹnì kan

Àǹfààní ńlá tí ọmọ Manigri tàbí ọmọ Bassila ní ni ilẹ̀. Ẹni tó wà ní Cotonou gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi owó ńlá ra ilẹ̀. Ọmọ ìlú lè bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì gé ibì kan fún un. Ṣùgbọ́n àǹfààní yìí gan-an ló ń di ìjàngbọ̀n bí wọn ò bá kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ wà lásán, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó ni ín. Ọjọ́ tí ayálégbé mẹ́rin bá bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó lórí rẹ̀ ni àwọn ọmọ bàbá kan náà yóò rántí pé àwọn náà ní ìpín.

Òfin ẹbí Benin, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, fún ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ ogún bíi ti ọmọkùnrin. Èyí já sí pé àdéhùn tí ọkùnrin ilé nìkan fọwọ́ sí lè tú ká lọ́jọ́ tí arábìnrin kan bá gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹni tó gbọ́n yóò jẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ fọwọ́ sí i, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, títí kan àwọn tó wà ní Cotonou àti àwọn tó ti kọjá sí Nàìjíríà, kó tó gbé bíríkì àkọ́kọ́ lélẹ̀.

Fún ọmọ Nàìjíríà tó ń ronú pé òun náà lè wá ra ilẹ̀ oko olówó pọ́ọ́kú ní agbègbè yìí, kó mọ̀ pé òfin ilẹ̀ Benin kò fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà láyè láti ra ilẹ̀ ìgbèríko di tirẹ̀. Ẹni tó bá fi orúkọ ìbátan ra á, ìbátan náà ni òfin mọ̀.

Ètò tó yẹ kí èèyàn tẹ̀ lé

Ohun tí a rí láti inú gbogbo èyí ni pé ọ̀pọ̀ ń gbé ẹ̀yáwó síwájú, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló yẹ kó wà.

Èkíní ni ìwé ilẹ̀. Kí èèyàn lọ sí mairie àti ọ̀dọ̀ ANDF kó mọ ohun tí ìwé ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, kí awọnlẹ̀ tí ìjọba mọ̀ sì wọn ilẹ̀ náà. Bí agbára bá ká a, kó bẹ̀rẹ̀ ètò titre foncier ṣáájú ìpìlẹ̀. Owó tó bá ná síbẹ̀ kò hàn sójú bíi ti bíríkì, ṣùgbọ́n òun ló lè sọ ẹni tí wọ́n fún ní ọdún mẹ́ta di ẹni tí wọ́n fún ní ọdún mẹ́wàá.

Èkejì ni ìfowópamọ́ tó bá àsìkò owó mu. Ní Donga, ọ̀pọ̀ owó ńlá ń wọlé lásìkò kajú, ní nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba Benin ti fòfin de kíkó kajú tútù lọ sí òkè òkun, kí àwọn ilé iṣẹ́ abẹ́lé lè máa ṣe é. Yálà èèyàn fara mọ́ òfin náà tàbí kò fara mọ́ ọn, kò yẹ kí àgbẹ̀ ti máa fi owó kajú ọdún tó ń bọ̀ ṣe ìlérí fún ayánilówó. Kó jẹ́ pé owó tó ti wọlé ni yóò wọ ilé. Èésú àti àjọ ṣì lágbára níbí: ẹgbẹ́ tí ẹni mẹ́wàá tó mọ ara wọn bá dá sílẹ̀ lè gbé ìpìlẹ̀ ró láìsí èlé kankan.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ilé náà gòkè ní ìpele. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí yàrá méjì parí pátápátá kí wọ́n sì ní ayálégbé, ó sàn ju kí mẹ́rin dúró láìní òrùlé.

Ẹ̀kẹrin, ìgbà yìí ni ẹ̀yáwó tó kàn. Ká padà sí àpẹẹrẹ wa. Bí ẹni yẹn bá ti fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé mẹ́rin náà dé òrùlé, tó wá yá mílíọ̀nù kan péré fún ìlẹ̀kùn, fèrèsé, sìmẹ́ntì ilẹ̀ àti iná, ní èlé ìdá 24 fún ọdún mẹ́ta, yóò máa san nǹkan bíi 39,200 lóṣù. Bí yàrá kan bá tiẹ̀ ṣófo, 45,000 tó ń wọlé ṣì gbé e. Èlé kan náà, iye oṣù kan náà, ìlú kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ó yá díẹ̀, ó sì yá a nígbà tí ilé kù díẹ̀ kó máa pawó wọlé.

Ẹ̀karùn-ún ni owó ìpamọ́. Kí owó ìdápadà oṣù mẹ́ta wà nílẹ̀ kó tó fọwọ́ sí ìwé, nítorí oṣù tí olùkọ́ kó jáde tí ẹlòmíràn kò tíì dé. Kó sì ṣírò owó orí ilé àti owó orí tí ìjọba ń gbà lórí owó ilé mọ́ ọn. Ìwé àdéhùn pẹ̀lú ayálégbé náà gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀, nítorí òun kan náà ni èèyàn yóò gbé han ayánilówó lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ilé kejì.

Ọ̀pọ̀ ni Mùsùlùmí ní agbègbè yìí, tí wọn kò sì fẹ́ fọwọ́ kan èlé. Ọ̀nà wà fún àwọn náà. Ní ọdún 2018, BCEAO gbé ìlànà jáde fún ètò owó ní ìlànà Ìsìláàmù. Nínú irú àdéhùn tí wọ́n ń pè ní murabaha, ayánilówó ló máa ra sìmẹ́ntì àti irin fúnra rẹ̀, tí yóò sì tún un tà fún ẹni náà ní iye tí àwọn méjèèjì ti fẹnu kò sí, tí kò sì ní yí padà. Ìṣirò yẹn náà ni kó ṣe: iye tí yóò máa san lóṣù, ṣé owó ilé lè gbé e bí yàrá kan bá ṣófo?

Àwọn tó ní kò yẹ ká dúró

Àwọn kan á sọ pé ẹni tó bá ń dúró de ìwé àti owó ìpamọ́, sìmẹ́ntì á ti gbówó lórí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ní òtítọ́ nínú. Apá gúúsù ni àwọn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ntì ńlá Benin wà, irú èyí tó wà ní Oníígbólò, owó ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé Bassila kò sì kéré. Owó tó bá jókòó lásán lè dín kù lágbára.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹni tó ń bẹ̀rù ọ̀wọ́n lè ra iyanrìn, kó bu bíríkì sílẹ̀, kó sì ra páànù lásìkò tí owó kajú bá wọlé, láìjẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ìwé ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lónìí kò dí i lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú ìyẹn. Gbèsè 117,700 lóṣù lórí ilé tó ń mú 60,000 wá kò ní dín kù nítorí pé sìmẹ́ntì wọ́n lẹ́yìn náà.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń gbèrò ilé àyágbé àkọ́kọ́ ní Bassila tàbí Manigri tó wọ ọ́fíìsì ayánilówó, kó mú nǹkan mẹ́ta dání: ìwé ilẹ̀ tí gbogbo ẹbí fọwọ́ sí, àkọsílẹ̀ owó tó ti fi pamọ́ fún ọdún kan ó kéré tán, àti bébà kan tó ti ṣírò owó ilé sí pẹ̀lú yàrá kan tó ṣófo. Bí iye tí wọ́n ní kó máa san lóṣù bá ju ohun tó wà lórí bébà yẹn lọ, kó dìde, kó kí wọn, kó sì padà sílé lọ bu bíríkì.